Oro Kì Í Ṣe Oró

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí,
mo jókòó síwájú ọmọ tí ǹ bá bí ní àbígbẹ̀yìn,
Tísà Arówólò, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókèsà,
níbi tí ẹwìrì ti tutù láti ọdún tó kọjá.
Mo ń kọ́ èdè Sípáníìṣì.

Ọmọ-ọmọ mi ló fà á.
Tẹmídire, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní Faléńsíà lọ́hùn-ún,
ó yọjú nínú fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà,
n kò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni, tàbí ó ń bú mi.

Bàbá tó bí mi, òṣómàáló ni.
A máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní í dìde títí aṣọ yóò fi di owó.
Èmi náà ti lóṣòó ti èdè yìí.
Yóò san. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò san.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra bí ìbejì ló ń dà mí láàmú,
àwọn tó jẹ́ ìyá wọn nìkan ló lè dá wọn mọ̀.
Pero: ṣùgbọ́n nìyẹn.
Kí ahọ́n kàn gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ: perro.
Ó ti di ajá.
Mo sọ fún àna mi, ìyá ọkọ Mọrádékẹ́,
pé, "Mo fẹ́ wá kí yín, ajá, kò sówó ọkọ̀ òfuurufú."
Obìnrin náà wo ẹ̀yìn mi lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.
Ajá dà? Ó ní kí n gbé e wá síwájú, kí òun rí i.

Ìyẹn ṣì dára.
Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé ara ńkọ́.
Cansado ni mo fẹ́ sọ: ó rẹ̀ mí.
Lẹ́tà N yọ lẹ́nu mi bí eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀,
mo ní casado: mo ti láya.
Obìnrin yìí pàtẹ́wọ́! Ó pe ará ilé jọ!
Kí ilẹ̀ tó mọ́, Mọrádékẹ́ ti pè mí nígbà mẹ́fà:
"Bàbá, ta ni? Ọmọ ìlú wo?
Ọdún méjì péré tí Màámi wọlẹ̀!"
Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá dákẹ́.
Èmi náà dákẹ́.
Bí mo ṣe rò ó, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.
Ó rẹ̀ mí, torí pé mo ti láya rí.

Ẹ má fi èmi nìkan rẹ́rìn-ín.
Àna mi náà ń kọ́ tiwa.
Ó rí òòlù lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ kí mi kú iṣẹ́,
ohùn rẹ̀ já bọ́ láti orí àkàsọ̀:
"Ẹ kú ìṣẹ́ o!"
Mo wo ẹwìrì.
Mo ní ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ.

Wúrà ńkọ́?
Tísà kọ ọ́ sára pátákó: oro.
Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé.
Ejò ló ni oró. Àkekèé ló ni oró.
Ó ní, "Bàbá, kò ní àmì lórí. Àmì tiyín nìyẹn, ẹ yọ ọ́."
Mo rántí kòtò tó wó lé Ògúnlúsì, àbúrò mi, lórí
ní Ìtagúnmódì, lọ́dún tí òjò ò dá.
Wúrà ló ń wà.
Mo ní, "Tísà, ẹ jẹ́ kí àmì náà wà níbẹ̀ ná.
Àwa la mọ bó ṣe débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yọ mí lẹ́nu rí: mi.
Mi lọ́dọ̀ọ wọn, mi lọ́dọ̀ọ wa.
Tiwọn a máa ṣíwájú, tiwa a máa tẹ̀lé e lẹ́yìn,
ẹni tó ni nǹkan kò yí padà.

Lánàá Tẹmídire yọjú.
Mo ti ń fi í dánra wò láti àárọ̀.
Mo ní, "Mi oro."
Ó ranjú mọ́ mi. Ó ní mo ti fi R méjì sí i,
ó ní kí n tún un pè.
Mo tún un pè.
Ó ní kí n tún un pè.